Ẹnu fún Omi Híhó

Ní Võrumaa, lóṣù kejì ọdún,
omi a máa dì gbagidi nínú garawa.
Hilja ìyá mi a fi àáké là á bí ẹni ń la igi,
a kó èérún rẹ̀ sínú ìkòkò dúdú,
a dáná sí i láti aago mẹ́rin ìdájí.
Ìkòkò ọ̀hún, ọ̀jẹun ni. Igi kì í tó o.
Ìdajì ooru rẹ̀ ń lọ yá ojú ọ̀run,
ìdajì ń lọ bó ojú ìyá mi,
ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ló ń dé ara ọ̀dùnkún.
Abo ẹlẹ́dẹ̀ mọ́kànlá ń ké.
Ebi ẹlẹ́dẹ̀ kì í gbọ́ "ẹ jọ̀ọ́, ó kù díẹ̀."

Osvald bàbá mi já kàlẹ́ńdà èṣí lára ògiri,
ó dojú rẹ̀ dé orí tábìlì,
ó fi pẹ́ńsù káfíńtà ya àgbá kan sí ẹ̀yìn rẹ̀:
àgbá wàrà àtijọ́ tí wọ́n ti sọ sí ààtàn.
Ó ya àpótí iná sí ikùn rẹ̀, kí omi yí iná ká
bí abiyamọ ṣe ń fọwọ́ yí ọmọ tó ń gbọ̀n ká.
Èéfín, kò jẹ́ kó jáde tààrà.
Ó ní kó lọ síwájú, kó padà sẹ́yìn, kó tó rí ìta.
"Èéfín tó bá jáde ní gbígbóná,
igi mi ló ń kó lọ."
Mo ní, "Bàbá, ta ló sọ fún yín pé yóò ṣiṣẹ́?"
Ó lá ẹnu pẹ́ńsù. Kò dá mi lóhùn.

Katakata tó ti kú ní ẹ̀yìnkùlé Kalju fún wa ní páìpù.
Kalju fúnra rẹ̀ jó irin pọ̀ ní ojú mẹ́rìndínlógún,
itan ẹlẹ́dẹ̀ kan ló gbà lówó iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣáná sí i,
ó kùn. Ó kùn bí oyin tó ń wálé.
Lẹ́yìn náà kò kùn mọ́.
Gbàà!
Ìdérí bá àjà lọ,
ọ̀dùnkún lẹ̀ mọ́ igi àjà, ó lẹ̀ mọ́ fìtílà,
ó lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n Kalju.
Kò sẹ́ni tó fara pa.
Mirdi, àgbà inú àwọn ẹlẹ́dẹ̀, nìkan ló jèrè:
ó gbójú sókè, ó ń retí èyí tó kù.

Ọjọ́ mẹ́ta, bàbá mi ò sọ̀rọ̀.
Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá mi ń lọṣọ,
ó sì wí láìgbójú kúrò lára aṣọ:
"Ẹni tínú ń bí, tí o wá fọwọ́ dí lẹ́nu,
ṣé kò ní fọ́lé?
Fún omi yẹn lẹ́nu, Osvald.
Ẹnu kékeré. Èyí tó mọ̀gbà tó yẹ kó pa dé."
Ó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú kalẹ̀ níwájú rẹ̀.
"Máa mú un lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́ tẹ́lẹ̀."

Ni bàbá mi bá lu ihò sórí àgbá,
ó fi páànù bò ó, ó fi ọ̀pá gbọọrọ tẹ páànù,
ó so áyọ́ọ̀nù kọ́ etí ọ̀pá.
Bí ooru bá pọ̀ jù, áyọ́ọ̀nù a gbéra,
a mí fúù, a tún jókòó.

Láti ìgbà náà, wákàtí kan ni ọ̀dùnkún fi ń rọ̀.
Omi gbígbóná wà láti fọ garawa wàrà,
ó wà fún ọmú màlúù, ó ṣẹ́ kù fún irun orí mi.
Òwúrọ̀ kan mo jí, ìyá mi ṣì ń sùn.
Ẹ̀rù bà mí.
Mo gbé ọwọ́ sí imú rẹ̀ bóyá ó ń mí.

Kò pé, n kò ní purọ́.
Ilẹ̀kùn iná kò pa dé dáadáa títí dòní.
Ní ìsàlẹ̀ kàlẹ́ńdà, bàbá mi kọ ọ́ síbẹ̀:
*Ojú ìpàdé apá àríwá ń sun omi. Wò ó lámọ̀dún.*
Àmọ́dún dé. Òun ni kò dé ibẹ̀.

Èmi ni mo ń lá ẹnu pẹ́ńsù báyìí.
Áyọ́ọ̀nù gbéra, ó mí, ó jókòó.
Apá àríwá ṣì ń sun omi, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan;
mo gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀ fún ológbò.